Ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ ṣeré nínú igbó: ẹ wá sọ ti yín

Ìyá Wúrà, Ajah:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ṣèlérí pé tí a bá ti Lekki dé, màá wá sọ bó ṣe lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè, ó máa gùn díẹ̀.

Màmá mi kò fẹ́ lọ rárá. Ilẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ti tọ́ wọn, nínú oko kòkó. Nígbà tí mo ní igbó la ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní: "Igbó tí mo fẹsẹ̀ rìn títí tí mo fi kó wá sí Èkó, òun lo tún fẹ́ sanwó kí n lọ wò?" Àwọn ọmọ ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà.

Lekki Conservation Centre ni mo ń wí, òdìkejì ilé iṣẹ́ epo Chevron, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Láti ọdún 1990 ló ti wà, àjọ Nigerian Conservation Foundation ló ń bójú tó o, hẹ́kítà 78 sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ la fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A ò tíì rìn jìnnà lórí ọ̀nà onípákó tí wọ́n gbé gba orí àbàtà kọjá tí ìró ẹyẹ nìkan fi kù létí wa. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tí kì í gbójú kúrò lára fóònù, ló kọ́kọ́ rí ọ̀bọ. Mẹ́ta ni wọ́n lórí ẹ̀ka, báàgì tí bísíkíìtì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé ká má fún wọn lóúnjẹ. Màmá ní òótọ́ ni, ọ̀bọ tó bá ti mọ ọ̀nà ọwọ́ èèyàn kì í wá èso mọ́.

Láti ibẹ̀ ni Màmá ti bọ́ síwájú. Kì í ṣe gbogbo ewé ibẹ̀ ni wọ́n mọ̀, nítorí ilẹ̀ etí òkun ni. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀pẹ kan tí imọ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, wọ́n ní, "Ẹ wá wò ó. Inú èyí ni wọ́n ti ń dá ògùrọ̀." Wọ́n sọ bí bàbá wọn ṣe máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ ní ìdájí, tí àwọn á sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè. Èmi ọmọ wọn, ọdún 38 nìyí, mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo gbé fóònù sójú bí ẹni tó ń ya fọ́tò kí wọ́n má baà rí omi lójú mi.

Wàyí o, afárá orí igi. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i, mítà 401 ni gígùn rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀n wà lọ́tùn-ún lósì, bí èèyàn bá sì ti gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ń mì. Wúrà, ọmọ ọdún 8, ló wà níwájú mi, mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Bó bá rìn, mo rìn. Bí mo bá gbọ̀n, ó gbọ̀n. Màmá, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n gùn ún, pariwo láti ìsàlẹ̀: "Tú u sílẹ̀! Ọwọ́ rẹ ló ń jẹ́ kó mì!"

Mo tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ó rìn lọ, kò sáré, kò sì dúró, títí ó fi dé pèpéle àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ló ti yíjú padà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ máa wo èmi." Bí mo ṣe rìn ín já nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú kan iye ìgbà tí mo ti di aṣọ ọmọ yìí mú níbi tí kò ti nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, a dé pápá. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì (chess) ńlá wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni àwọn ọmọ fi ń gbé ọmọ ayò rẹ̀. A jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò lórí ẹní. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ fi òróró tó ń lé ẹ̀fọn para, ẹ sì tètè lọ kí oòrùn tó mú. Ta ló kàn?

Dádì Ìbejì, London:

Ìyá Wúrà, ẹ kú ìrìn. Ọ̀rọ̀ "tú u sílẹ̀" yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí.

Nígbà ìsinmi oṣù Kẹwàá, aládùúgbò wa kan ní ká jọ kó àwọn ọmọ lọ sí Epping Forest, igbó ńlá kan lẹ́bàá London. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Àwọn ọmọ tirẹ̀ wọ bàtà rọ́bà, tèmi wọ kánfáàsì tuntun. A ò tíì pẹ́ nínú igbó tí Kẹ́hìndé fi rì sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Mo la ẹnu láti jágbe, àfi bí ó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣa ẹ̀ka gbígbẹ, wọ́n tò ó ti ara igi, ó di àgọ́. Fún wákàtí méjì gbáko, ẹnikẹ́ni kò béèrè tábúlẹ́ẹ̀tì.

Aládùúgbò yẹn ló sọ fún mi pé àwọn onílẹ̀ ti ń ṣọgbà yí igbó náà ká nígbà kan, tí àwọn ará àdúgbò kò gbà. Òfin tó dáàbò bo igbó náà jáde ní 1878, Ọbabìnrin Victoria sì wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1882 láti fi í lé aráàlú lọ́wọ́. Mo délé, mo tún kà nípa ibi ìṣeré tí àwọn ọmọ ti ń fi pákó àti àlòkù nǹkan kọ́ ohun tó wù wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní adventure playground. Ní Emdrup, nílẹ̀ Denmark, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Sørensen, tó ń ṣe ètò ọgbà, ti kíyè sí i pé àwọn ọmọdé fẹ́ràn àti máa fi pákó àti àlòkù nǹkan ṣeré ju ibi ìṣeré rèǹtè-rente tí òun ṣe fún wọn lọ. Lady Allen of Hurtwood, obìnrin ará Britain kan tó ń jà fún ire àwọn ọmọdé, lọ rí i lẹ́yìn ogun, ó sì jà fún un pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní London, lórí ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti bàjẹ́.

Mo kà á tán, mo rántí ìgbà èwe wa ní Mọ́kọ́lá. Agolo mílíìkì àti ìdérí igò la fi ń ṣe mọ́tò, kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ mi ti pé ọdún 9 kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹrẹ̀.

Alàgbà, Ìbàdàn:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Tèmi ti pẹ́. Ọgbà Agodi ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Bàbá mi gbé mi lé èjìká kí n lè rí ẹranko, mo ṣì ń gbọ́ òórùn tábà lára fìlà wọn. Nígbà tí odò Ògùnpa ya ní 1980, ó gbá ọgbà náà lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nílùú yìí. Ẹni tó bá rí omíyalé ọdún náà kò lè gbàgbé. Ọdún púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún un ṣe. Mo ti kó àwọn ọmọ ọmọ mi lọ síbẹ̀. Èyí tó kéré jù ní kí n gbé òun lé èjìká, mo sì gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ti ní kí n má gbé ẹrù wúwo.

Ìyá Wúrà, ṣé Màmá gun ilé orí igi tó wà ní Lekki yẹn?

Ìyá Wúrà, Ajah:

Rárá o, sà. Ìdí igi ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ka àtẹ̀gùn sókè fún àwọn ọmọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń gùn ún.