V-Strom 650 àbí Versys 650: èwo ni kí n mú nínú àlòkù méjì yìí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi alùpùpù rin ọ̀nà jíjìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àlòkù méjì ló wà níwájú mi: Suzuki V-Strom 650 ti ọdún 2014, tó ti rin 48,000 kìlómítà, àti Kawasaki Versys 650 ti ọdún 2016, tí kò tíì ju 21,000 lọ.

Táyà iwájú V-Strom jẹ́ ínǹṣì 19, ti Versys jẹ́ 17. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìrìn mi ni ọ̀nà eléruku tó kún fún kòtò. Ṣé ínǹṣì méjì yẹn máa ń hàn lóòótọ́, àbí ẹnu lásán ni? Táǹkì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 20 lítà sí 21, ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ mi ò kúkú kanlẹ̀ dáadáa lórí èyíkéyìí nínú wọn (ẹ má rẹ́rìn-ín o).

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tó ń ta Versys ò ní ìwé àtúnṣe kankan. Ó pààrọ̀ ṣéènì, àmọ́ ó fi irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé sílẹ̀ bó ṣe jẹ́ rẹ̀. Ìwé V-Strom pé pérépéré. Ṣé kí n tẹ̀ lé ìwé ni, àbí kìlómítà tó kéré? Kí ni kí n sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára ẹ́ńjìnnì wọn?