Èsì ẹ̀jẹ̀ TB jẹ́ nẹ́gétíìfù: ṣé ká yọ bàbá yìí kúrò ní yàrá ọ̀tọ̀?

Dókítà Wọ́ọ̀dù: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó ti ń wúkọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń làágùn lóru, ó sì ti rù. A fi í sí yàrá ọ̀tọ̀. Èsì QuantiFERON rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún TB, dé láàárọ̀ yìí: nẹ́gétíìfù. Ọ̀gá mi ní ká gbé e padà sáàárín àwọn aláìsàn yòókù. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Oníṣègùn Àyà: Ẹ má tíì gbé e! Àyẹ̀wò yẹn ò wá kòkòrò kankan. Ohun tó ń wò ni bóyá ẹ̀jẹ̀ funfun ti bá kòkòrò TB pàdé rí: wọ́n á fi èròjà kòkòrò náà hàn án nínú ìgò, tó bá dá a mọ̀, á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interferon-gamma jáde. Ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má dáhùn mọ́. Pọ́sítíìfù pàápàá ò sọ pé TB ló ń mú un wúkọ́. Ó lè jẹ́ èyí tó ti sùn sínú ara látọjọ́ pípẹ́. Ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò TB fúnra rẹ̀, kí láàbù gbin díẹ̀ nínú rẹ̀ wò bóyá kòkòrò á hù, kẹ́ ẹ sì ya àwòrán àyà.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ ṣé gan-an, ọ̀gá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣáà ti wúkọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, torí ó rọrùn ju kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ. Ta ló wá yẹ fún?

Oníṣègùn Àyà: Ẹni tí kò ní àmì àìsàn, àmọ́ tó ń bá alárùn TB gbé. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn anti-TNF, tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù, fún àìsàn oríkèé, tàbí tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kíndìnrín fún. Àǹfààní rẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò TB tí wọ́n ń gún sí awọ ara ni pé àjẹsára BCG kì í tàn án jẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá ní í fún un ní oògùn ìdènà bó bá jẹ́ pọ́sítíìfù, kí lẹ ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí? Ẹ má sì tún un ṣe lẹ́yìn ìtọ́jú láti mọ̀ bóyá ó ti sàn. Ó lè máa jẹ́ pọ́sítíìfù lọ bẹ́ẹ̀.

Ará Láàbù: Ẹ jẹ́ kí n bá wọn ráhùn díẹ̀. Ìgò mẹ́rin ni QuantiFERON Plus, mílílítà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mì wọ́n kí ẹ̀jẹ̀ kan gbogbo inú ìgò, kẹ́ ẹ sì tètè gbé wọn wá: a gbọ́dọ̀ fi wọ́n sínú ooru 37°C kí wákàtí 16 tó pé. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò mitogen, tó yẹ kó dáhùn bóyá TB wà tàbí kò sí, ò bá dáhùn, "indeterminate" (èsì ò ṣeé sọ) la máa kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe nẹ́gétíìfù! Àti pé 0.35 IU/mL ti interferon-gamma ni ààlà láàárín nẹ́gétíìfù àti pọ́sítíìfù. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ní 0.38 lónìí lè ní 0.31 tá a bá tún un ṣe, ẹ má torí ìyẹn kó oògùn lé e lọ́wọ́.

Ọmọ Fàmásì: Èyí tí wọ́n ń ro ẹ̀jẹ̀ sí lórí pélébé ńkọ́, tí èsì ń jáde lójú ẹsẹ̀?

Ará Láàbù: Àyẹ̀wò antibody nìyẹn, èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà. WHO ti ní kí wọ́n má lò ó fún TB láti 2011.

Dókítà Wọ́ọ̀dù: Mo ti fi han ọ̀gá, wọ́n gbà. Bàbá ṣì wà níbi tó wà. Àmọ́ itọ́ lásán ló ń tu, kì í ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ fi nebulizer, ẹ̀rọ tó ń sọ omi di ìkùukùu, fún un ní omi oníyọ̀ fà símú láàárọ̀ kùtù kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde, nínú yàrá yẹn náà. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì wọ ìbòmú N95 yín.