Boxer tuntun ní Gwagwalada: báwo ni mo ṣe máa ná an?

Tíṣà Kwali:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí Sátidé tó pé.

Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé tó wọnú lẹ́yìn Kwali. Láti ilé mi débẹ̀ tó kìlómítà 13, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa ni, bí òjò bá sì ti rọ̀, àwọn ọlọ́kadà kì í fẹ́ lọ mọ́. Bí ẹnì kan bá gbà, ₦1,500 ni àlọ nìkan. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń dá àjọ nítorí máṣíìnì tèmi. Mo kó o lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi díẹ̀ kún un, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦1,600,000. Kò sí òmíràn lẹ́yìn ẹ̀.

Mo lọ sí Gwagwalada lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Boxer 150 ni mo bèèrè. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní ₦1,720,000, èkejì ní ₦1,690,000. Ẹ̀kẹta, níbi tí Alhaji àgbàlagbà kan jókòó sí, ní ₦1,680,000. Mo yọwó 1,450,000. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Albarka, Madam.” Mi ò tíì jìnnà tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ fi sáré tẹ̀ lé mi, ó ní kí n mú 1,620,000 wá lónìí olónìí, pé tó bá di ọ̀la, owó ti lọ sókè nìyẹn. Àyà mi já. Díẹ̀ ló kù kí n san án.

Ṣé òótọ́ ni pé owó lè yí láàárín ọjọ́ kan? Àti pé pépà àti nọ́ńbà ńkọ́, ṣé wọ́n wà nínú owó yẹn ni? Wọn ò sọ, èmi náà ò sì bèèrè. Obìnrin ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnì, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ lórí owó tí mo fi ọdún kan kó jọ.

Mẹkáníìkì Zuba:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọpẹ́ ni pé ẹ ò san án. Ọdún 6 ni mo fi bá ẹnì kan to máṣíìnì láti inú páálí ní Suleja kí n tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Zuba, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Pé owó lè yí lọ́la, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ará Íńdíà ló ń ṣe Boxer, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé, àti láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara ẹ̀ lọ́jà, mo ti rí i kí owó máṣíìnì yí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, owó àná ni Alhaji fi rà á. Ọmọ tó sì sáré tẹ̀ lé yín síta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti sọ ohun tí ẹnu ẹ̀ ò sọ. 1,620,000 kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀.

Ẹ má ná máṣíìnì nìkan. Ẹ ná a títí dé ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ohun tó ń dun àwọn èèyàn lẹ́yìn ọjọ́ kejì nìyí: wọ́n á jà fún ₦20,000 lórí máṣíìnì, wọ́n á gbà á, inú wọn á dùn, lẹ́yìn náà wọ́n á san owó pépà lọ́tọ̀, owó nọ́ńbà lọ́tọ̀, owó àṣíborí lọ́tọ̀, owó ọ́ìlì lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi í: “Alhaji, èló ni mo máa san tí mo fi máa gùn ún lọlé pẹ̀lú nọ́ńbà lára ẹ̀?” Ẹ jẹ́ kó dá iye kan. Orí iye yẹn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Èrè orí máṣíìnì fúnra ẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò lè já púpọ̀. Àwọn nǹkan tó yí i ká ni ọwọ́ Alhaji ti máa ń yá, torí owó tó fi rí wọn ò tó owó tí ẹ̀yin máa fi rà wọ́n lóde.

Inú páálí kọ̀ọ̀kan, sípánà wà níbẹ̀, wọ́n dì í sínú àpò kékeré kan. Dígí méjì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì, àti ìwé tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yọ àpò sípánà yẹn sápá kan kí oníbàárà tó dé, wọ́n á sì wá tà á fún un. Ẹ bèèrè ẹ̀ lórúkọ. Tiyín ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú táyà rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà, wọ́n máa ń fi ìlà yí wọn ká. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 1823, ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún ọdún 2023 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Máṣíìnì tó ti pẹ́ nílẹ̀, owó Alhaji ti há síbẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa bá a gbé e. Ẹ má pariwo ẹ̀. Ẹ kàn fi ìka hàn án, kẹ́ ẹ dákẹ́.

Àṣíborí ńkọ́? Ẹ má gbà kó ṣẹ́ kù. Láti Gwagwalada sí Kwali, ọ̀nà Lokoja lẹ máa bá lọ, ẹ mọ bí tírélà ṣe ń sáré níbẹ̀. Mo wà ní Kano ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé àṣíborí. Igbá ni àwọn kan so mọ́rí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo ti bá wọn gbé ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lójú títì rí.

Ìyá Ìbejì Màrárábá:

Àbúrò mi, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Zuba sọ, ẹ gbà á. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ó ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́ kan náà ni mo san gbogbo owó máṣíìnì tèmi tán. Àkáǹtì ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí, mo fi í ránṣẹ́. Wọ́n ní pépà máa jáde lọ́jọ́ márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ 7 ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Nígbà tó yá, a wá rí i pé ẹni tó kọ rìsíìtì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì pẹ̀lú 3 níbi tó yẹ kó kọ 8. Nọ́ńbà kan ṣoṣo! Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, inú ilé ni máṣíìnì wà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ ni mo fi ń ru ọjà.

Nítorí náà, ẹ mú pẹ́ńsù àti bébà funfun dání. Ẹ fi bébà lé orí nọ́ńbà ẹ́ńjìnì, ẹ fi pẹ́ńsù pa á títí tó fi máa yọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ńbà ṣésì náà, ìyẹn irin tó gbé gbogbo máṣíìnì ró. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì, ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú wọn. Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ni kó wà lórí àkáǹtì tẹ́ ẹ máa san owó sí. Kẹ́ ẹ sì rí i pé owó díẹ̀ ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín di ọjọ́ tí nọ́ńbà bá dé. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ fi Hausa kí i o. “Nawa ne na gaskiya?” (èló ni iye òótọ́ ẹ̀?) àti “A rage mana” (ẹ dín in kù fún wa), méjèèjì yẹn ti tó. Tó bá ní “albarka”, kò bínú, ó kàn ní owó yẹn ò tíì gbà ni.

Ọmọ Ọ̀ffà Kaduna:

Kí lẹ fẹ́ fi 150 ṣe, Tíṣà? Ẹ̀yin nìkan, kìlómítà 13? Boxer 100 ti tó yín, owó ẹ̀ ò tó ti 150, kò sì ń mu epo tó o. Ẹ bá fi ìyókù san owó ilé.

Mẹkáníìkì Zuba:

Ẹ̀gbọ́n Kaduna, lójú ọ̀dà, mo gbà pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ pupa yẹn, pẹ̀lú àpò ìwé lẹ́yìn, 100 á máa pariwo lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra 150.

Tíṣà Kwali:

Ẹ̀yin ará mi, mo ti rà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Mo débẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé. Mo kí Alhaji, “Ina kwana,” ojú ẹ̀ sì yí padà. Mo béèrè iye tí mo máa fi gùn ún lọlé pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó ronú, ó ní ₦1,690,000. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú táyà. 2723! Mo fi ìka sí i, mo dákẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Alhaji fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi etí bàbáńrígà ẹ̀ nu eruku ibẹ̀, ó kà á, kò sọ nǹkan kan. Mo yọwó 1,550,000. “Albarka.” Mo fi 20,000 lé e. “Albarka.” Mo dìde, mo dúpẹ́, mo gbé báàgì mi. Mo ti dé ojú títì kí ó tó pè mí, òun fúnra ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

₦1,590,000 la fi parí ẹ̀, pẹ̀lú pépà, nọ́ńbà, àṣíborí kan, ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kékeré méjì àti àpò sípánà. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló lọ mú sípánà náà wá láti ẹ̀yìn, kò wo ojú mi. Mo san 1,500,000 sí àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, mo ní 90,000 tó kù di ìgbà tí nọ́ńbà bá dé. Alhaji kọ́kọ́ kọ̀, ó wá gbà, ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, ó fọwọ́ sí i. Mo fi pẹ́ńsù pa nọ́ńbà méjèèjì. Wọ́n bára mu.

Mi ò gbé e kúrò níbẹ̀ títí nọ́ńbà fi dé ní Jímọ̀. ₦10,000 tó ṣẹ́ kù, epo ni mo fi rà.

Mẹkáníìkì Zuba:

Alhamdulillah! Ẹ má tíì fún un ní iná púpọ̀ o, ẹ rọra máa gùn ún. Tó bá pé kìlómítà 500, ẹ gbé e wá sí Zuba kí n yí ọ́ìlì ẹ̀, kí n sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ̀ dì, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń kánjú to ó. Ẹ ò ní san owó iṣẹ́.

Tíṣà Kwali:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó wà ní 41 báyìí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti fọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì rán wọn níṣẹ́.