Àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi ń bó láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo capecitabine

Ọmọ Alámàlà:
Ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyá mi ń lo capecitabine fún jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n ń gbé e mì láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 14, wọ́n á sì sinmi fún ọjọ́ 7. Ní ìyípo kejì ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tí ó ń ta wọ́n bí ìgbà tí ata kan ojú egbò, awọ rẹ̀ sì ti ń bó báyìí. Àmàlà ni wọ́n ń tà. Lánàá, orógùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn aládùúgbò ní kí n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ jó o. Ṣé kò léwu?

Adúmáadán:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná kàn án, nítorí ooru a máa dá kún ìrora náà. Nígbà tí èmi náà ń lo oògùn yìí, omi tútù ni mo fi ń fọwọ́, màá fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ láìnù ún, kí n tó fi ìpara tí ó ní urea 10% (èròjà tó ń mú awọ rọ̀), tí kò ní òórùn dídùn, pa á. Lálẹ́, màá wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀ òwú lé e. Gbogbo bàtà tó ń fún mi lẹ́sẹ̀ ni mo kó tì. Ìka mi tilẹ̀ dán débi pé ẹ̀rọ báǹkì kò mọ ìtẹ̀ka mi mọ́!

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Òótọ́ ni Adúmáadán sọ. Lára aláwọ̀ dúdú, awọ tí oògùn yìí bá bà jẹ́ báyìí lè má pọ́n bí ìwé ṣe máa ń wí, dúdú ni yóò máa dú, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò pé oòrùn ló pa á. Ẹ gba orógùn lọ́wọ́ wọn, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń fún un mọ́wọ́ àti ooru ìkòkò, méjèèjì ló ń ba awọ náà jẹ́. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí wọ́n di nǹkan mú tàbí kí wọ́n rìn, tàbí bí ó bá lé ròrò, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tiyín ti tó bẹ́ẹ̀. Dókítà lè dá oògùn náà dúró ná, kí ó sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kí ìyá yín má fọwọ́ ara wọn dín in kù.

Ọmọ Alámàlà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá. Mo ti pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí ìyá mi má gbé oògùn alẹ́ òní mì, kí a sì wá lọ́la. Ọwọ́ mi ni orógùn wà láti àárọ̀, ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní kókó pọ̀ jù nínú àmàlà mi.