Họ́ọ̀bù tó gbó ni, àbí bíárìn tó jẹ?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ìwé àtúnṣe ọkọ̀ kékeré tí a ń tú sí Yorùbá. Ẹnì kan ní ká pe họ́ọ̀bù, irin tí táyà dì mọ́, ní "ìdodo táyà", kí bíárìn, òrùka irin tó ń jẹ́ kí họ́ọ̀bù yí geere, sì di "agbéyípo". Ẹlòmíràn ní ká pa méjèèjì pọ̀ sí "àárín kẹ̀kẹ́", torí pé ojú kan náà ni wọ́n wà. Mo fara mọ́ ìdodo. Àárín kẹ̀kẹ́ ni mi ò lè gbà, torí ó lè mú kí èèyàn ra ohun tí kò wá lọ sọ́jà.

Ẹ wo Corolla ọdún 2003 sí 2008. Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, odidi kan ṣoṣo ni họ́ọ̀bù àti bíárìn. Bóòtì mẹ́rin ló dì í mú, ẹ ó tú u, ẹ ó fi tuntun síbẹ̀. Iwájú kò rí bẹ́ẹ̀. Bíárìn fún mọ́ inú irin ńlá tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́kù, ọrùn họ́ọ̀bù sì fún mọ́ inú bíárìn. Níbẹ̀, bíárìn ló sábà máa ń bàjẹ́. Họ́ọ̀bù lè wà láìní àbùkù. Ẹni tó bá wá ka "àárín kẹ̀kẹ́ ti gbó", kí ni yóò ní kí wọ́n fún òun ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ l'Ékòó?

Gbó náà ńkọ́? Aṣọ ló ń gbó. Bíárìn ń jẹ, bí ìdí bàtà ṣe ń jẹ. Ìlà bọ́ọ̀lù irin méjì ló wà láàárín òrùka inú àti òrùka òde rẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ ayò, gíríìsì sì yí wọn ká. Bí omi bá ráyè wọlé, tàbí gíríìsì bá bàjẹ́, ojú irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wẹ́wẹ́, á dá kòtò wínníwínní, àwọn bọ́ọ̀lù á sì máa gorí kòtò náà kọjá. "Bíárìn tó jẹ" ni kí ìwé kọ.

"Ariwo" tí wọ́n kọ sínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àmì bíárìn tó jẹ kò tó. Bíárìn tó jẹ ń kùn bí oyin, ohùn náà sì ń ga bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tọ́tùrù tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, kíkùn náà ò ní dákẹ́. Bí ohùn bá ń yí padà bí ojú títì ṣe ń yí padà, táyà ni kí ẹ fura sí. Bí ẹ bá tẹ ọkọ̀ díẹ̀ sápá òsì tí kíkùn sì pọ̀ sí i, bíárìn ọ̀tún ló sábà máa ń jẹ́, torí ọ̀tún ni ẹrù ọkọ̀ tẹ̀ sí. Èyí tó bá ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí ẹ bá ń yí ọkọ̀ gan-an, oríkèé ṣáfítì, ọ̀pá tó ń yí táyà, nìyẹn. (Gbogbo rẹ̀ ni oníbàárà máa ń pè ní "ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń dún", ìyẹn ò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.)

Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ìdúró irin tì í, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá ń jó, ìyẹn ni pé kò dúró ṣinṣin, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì. Bí jíjó náà bá dá, bíárìn ni; bí kò bá dá, ẹ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so nọ́kù mọ́ apá ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wò. Bó bá jẹ́ ọ̀tún sósì nìkan ló ti ń jó, ẹ wo táì-rọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń darí táyà. Àmọ́ bíárìn lè ti jẹ kó má tíì jó rárá. Ẹ fi ọwọ́ kan lé sípíríìn, ẹ fi èkejì yí táyà: ọwọ́ á gbọ́ ọ pé inú rẹ̀ rí ṣákaṣàka.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó dùn mí jù nínú ìwé náà ni "kí ẹ gbá bíárìn tuntun wọlé". Háńmà ló ń gbá. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀, títẹ̀ ni bíárìn sì ń fẹ́. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú nọ́kù, òrùka òde nìkan ni kí agbára bà. Bí ẹ bá gba orí òrùka inú tẹ̀ ẹ́, àárín àwọn bọ́ọ̀lù ni agbára á gbà kọjá, wọ́n á dápàá sójú irin, bíárìn tuntun á sì tètè máa kùn. Nígbà tó bá kan họ́ọ̀bù, ẹ gbé òrùka inú ka orí páìpù tó ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tó tẹ họ́ọ̀bù wọ̀ ọ́. Òrùka inú ti àtijọ́ sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọrùn họ́ọ̀bù nígbà tí ẹ bá yọ ọ́. Ẹ rọra gé e, kí ẹ má gé ọrùn. Bí ọrùn náà bá ti ní àpá tàbí tó ti jẹ, ìgbà yìí ni kí ẹ pààrọ̀ ìdodo pẹ̀lú.

Nóòtì àárín tó di ṣáfítì mọ́ họ́ọ̀bù lára Corolla yìí, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 30 ń tú, ilẹ̀ ni kí ẹ ti tú u kí táyà tó kúrò. Tuntun ni kí ẹ fi dá a padà, kí agbára tí ẹ fi dè é jẹ́ 216 newton-mita, kí ẹ sì tẹ etí rẹ̀ wọ ojú ihò ṣáfítì. Nóòtì táyà jẹ́ 103. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ yí lórí ilẹ̀ nígbà tí nóòtì àárín ṣì dẹ̀. Kálípà náà, irin tó ń fún bíréèkì mú, ẹ fi wáyà so ó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi họ́ọ̀sì (páìpù rọ́bà) bíréèkì ṣe okùn.

Ó ku agbéyípo. Ẹ tú u wò: ohun tó gbé nǹkan yí po. Họ́ọ̀bù ló gbé táyà yí po, nítorí náà orúkọ yẹn bá họ́ọ̀bù mu ju bíárìn lọ, oníwèé á sì kó àwọn òǹkàwé sí wàhálà. Ẹ jẹ́ kí bíárìn máa jẹ́ bíárìn. Fún òrùka tínrín tó ń dá bíárìn dúró nínú nọ́kù kó má baà jáde, "òrùka ìdènà" ni tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, torí òun ni wọ́n máa ń gbàgbé sórí tábìlì.