Ọmọ mi ò mọ bó ṣe máa bá àwọn ọmọ tó ń ṣeré ṣe

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí àti tíṣà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 4 lọmọ mi, ẹnu ẹ̀ dá ṣáṣá nílé, àmọ́ tó bá rí àwọn ọmọ tó ń ṣeré, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa dúró sí, á máa wò wọ́n, ìgbà tó bá yá á kàn lọ já nǹkan ìṣeré gbà lọ́wọ́ wọn, ìjà dé nìyẹn. A ti ń fi ọmọláńgidi ẹ̀ kọ́ ọ nílé, "ṣé kí n bá yín ṣe?", ó ń sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ tó bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, kò ní sọ nǹkan kan. Ṣé kí n máa pe ọmọ kan ṣoṣo wá bá a ṣeré ná? Tí wọ́n bá sì ń jà, ìgbà wo ló yẹ kí n dá sí i?