Ohùn mi wúwo ju ti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi lọ: báwo ni mo ṣe lè fọkàn balẹ̀ kọrin?

Akọrin Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Áltò, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn obìnrin, ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìbàdàn, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ ìkórè tó kọjá, wọ́n ní kí n lé orin kan tí ẹlòmíràn máa ń lé, kíì onítọ̀hún gan-an, ìyẹn ìwọ̀n gíga tí ó máa ń kọ ọ́ sí, ni wọ́n sì fi tẹ dùùrù fún mi. Nígbà tí mo dé ibi tí orin náà ti ga, ohùn mi já, àwọn elégbè ló gba orin lẹ́nu mi. Lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kan sọ sí mi létí pé ohùn ọkùnrin ni Ọlọ́run fún mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ohùn tínrín sọ̀rọ̀, títí kan ìgbà tí mo bá ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ìjọ. Mo gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì pa á rẹ́ kí n tó gbọ́ ọ tán, nítorí kò jọ ohùn tí mo mọ̀ sí tèmi. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè pààrọ̀ ohùn ni, àbí báwo ni ènìyàn ṣe ń dúró níwájú àwùjọ pẹ̀lú irú èyí?

Olùkọ́ Akọrin:
Arábìnrin mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin, ohun tí mo sì rí nínú àlàyé yín ni pé ẹni tó yan kíì yẹn ló ṣe àṣìṣe. Tán-án-ná tó wà nínú ọ̀fun wa ni afẹ́fẹ́ ń mú gbọ̀n nígbà tí a bá ń fọhùn. Bó bá ṣe gùn tó sì ki tó ni ohùn ṣe ń wálẹ̀ tó. Ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ọ̀pọ̀ obìnrin sì máa ń tó ìgbà 200, ṣùgbọ́n obìnrin tí tirẹ̀ bọ́ sí àárín méjèèjì pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ gidi ni Marian Anderson, akọrin obìnrin ará Amẹ́ríkà, ní, òun náà ló sì fi kọrin fún bíi 75,000 ènìyàn ní Washington ní oṣù kẹrin ọdún 1939.

Ní ti fóònù, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, etí wa ń gbọ́ ohùn wa láti inú afẹ́fẹ́, ó sì tún ń gbọ́ ọ láti inú egungun orí, èyí tó ń mú un wúwo sí i. Ti inú afẹ́fẹ́ nìkan ni fóònù ń gbà. Nítorí náà, ohùn yín kò wúwo létí àwọn ará ìjọ tó bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ fúnra yín.

Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ hùn bí ẹni tó ń dáhùn pé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, láìfipá ṣe é. Ibi tí ó bá bọ́ sí ni ilé ohùn yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń tẹ dùùrù wá ibẹ̀ kàn, kí ó sì gbé orin náà wálẹ̀ bá yín.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Olùkọ́, ṣùgbọ́n ti ìwé kíkà ló ká mi lára jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rédíò, mo máa ń fipá tẹ ohùn mi wálẹ̀ kí n lè dún bí àgbà. Lọ́jọ́ kan tí mo ka ìròyìn tán, ọ̀gá mi bi mí pé ṣé ọkọ̀ obìnrin náà ni àwọn adigunjalè gbé lọ ni, àbí ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀, èmi náà kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí i.

Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ní ibi pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ wà. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni etí ọmọ Yorùbá fi ń mọ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù yóò mú àárín bá ìsàlẹ̀, ẹni tó bá sì fà á sókè jù, bí ẹ ṣe ń ṣe nísinsìnyí, yóò mú àárín lẹ̀ mọ́ òkè. Inú ohùn yín gan-an ni àyè wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ka ẹ̀kọ́ náà bí ẹni tó ń kà á fún ìyá rẹ̀ nílé ìdáná, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ó sì di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní London:
Ẹ fi orin tí wọ́n fi ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá dá bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wá kọ sínú àwo níbí ní ọdún 1922. Ẹnu tó bá lè sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ tán. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ má sì retí pé ataare yóò pààrọ̀ ohùn. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Akọrin Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ní alẹ́ àná, ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa gbé orin náà wálẹ̀, mo sì dé ibi tí ohùn mi ti já lọ́jọ́ ìkórè, mo kọjá níbẹ̀ láìfi ọrùn ṣe agbára. Àyà mi ṣì ń já, n kò ní purọ́. Ẹ̀kọ́ kejì ni wọ́n ní kí n kà lọ́jọ́ Àìkú, láti inú Ìwé Róòmù, mo sì ti kà á fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì.